Ìbọn Tí Ọdẹ Kò Yìn

Bí ilẹ̀ bá mọ́ ní Ìyìn-Èkìtì, tí àwọn ará àdúgbò bá rí ọdẹ tí ó gba ọ̀nà oko wọlé, tí àgbọ̀nrín wà ní èjìká rẹ̀, tí ìrì sì ti mú kí ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń kí i ni pé orí rẹ̀ ṣe é, pé Ògún gbè é, pé ẹsẹ̀ rere ni ó fi jáde nílé lálẹ́ àná. Ọdẹ náà a ní àṣẹ, a sọ ẹrù kalẹ̀, a bu omi mu, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn, nítorí pé ọmọlúàbí kì í kọ ìre tí a bá sú fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nínú gbogbo àwọn tí ń kí i wọ̀nyí, kò sí ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ etí odò láti wo ẹsẹ̀ ẹran. Kò sí ẹni tí ó bá a jókòó lórí igi ní àwọn òru tí ẹran kò yọjú rárá. Kò sì sí ẹni tí ó mọ iye ìgbà tí ó ti na ìbọn sí ẹran, tí ó tún rọra gbé e sọ̀kalẹ̀ láìyìn ín. Òpin iṣẹ́ ni gbogbo ayé ń rí, òpin iṣẹ́ náà ni wọ́n sì ń pè ní orí ire.

Àwọn àgbà ni wọ́n sọ pé orí ni a fi ń mú ẹran láwo, n kò sì ní bá wọn du ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹran inú àwo ti kú kí ọwọ́ tó kàn án. Èyí tí ó wà nínú igbó ṣì ń mí, ó ní etí, ó ní imú, ó sì mọ ilé ara rẹ̀ ju ẹni tí ń wá a lọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí á jọ yẹ ọ̀ràn ọdẹ àgbọ̀nrín wò fínnífínní, kí á sì mọ ibi tí agbára àkọsẹ̀bá pin sí àti ibi tí agbára sùúrù ti bẹ̀rẹ̀. Ní tèmi, sùúrù tí ọdẹ fi ń dúró de ẹran pọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó ga jù. Èyí tí ó ga jù ni sùúrù tí ń dá ìka rẹ̀ dúró nígbà tí ẹran ti dé.

Ìyìn, ìlú Olúyìn, wà lójú ọ̀nà tí ó ti Adó-Èkìtì lọ sí Ìgèdè àti Àràmọ́kọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí kò dé ibẹ̀ rí ni wọ́n mọ̀ ọ́n nítorí Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀, ọmọ ìlú náà, tí ó jẹ́ gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn láti ọdún 1966 sí 1971. Ṣùgbọ́n kí ìlú náà tó bí ọ̀gágun ni ó ti ń bí ọdẹ. Ilẹ̀ olókè ni, tí àpáta yọrí níhìn-ín, tí àfonífojì àti odò kékeré sì wà lọ́hùn-ún, tí oko kòkó, oko iṣu àti oko tí a ti pa tì láti ọdún pípẹ́ wọnú ara wọn. Irú ilẹ̀ báyìí gan-an ni àgbọ̀nrín fẹ́, nítorí kì í ṣe ẹran inú ẹgàn dúdú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹran ọ̀dàn gbalasa. Ibi tí igbó ti pàdé oko ni ibùgbé rẹ̀, ibi tí ó ti lè sá pamọ́ lọ́sàn-án, tí kò sì ní rìn jìnnà kí ó tó kan ewé ẹ̀wà àti ilá lálẹ́.

Àgbọ̀nrín, ẹran ẹlẹ́wù abilà, ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín tí í fò gègèrè kọjá lórí igi tó wó! Akọ rẹ̀ ní ìwo méjì tí ó lọ́ díẹ̀, abo kò ní rárá; ara rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ilà funfun sì là á ní ìbú àti ní òró, tòun ti àmì tótòtó ní itan. Ó tóbi ju ẹtu àti èsúró lọ dáadáa. Àwọn tí ó jọ ọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà a máa pa ìwo dà lọ́dọọdún, tí òmíràn a sì tún hù, ṣùgbọ́n ìwo ti àgbọ̀nrín tiwa kì í wọ̀ títí tí yóò fi kú. Kì í rìn ní agbo. Òun nìkan ni ó ń jẹ̀, ìdájí àti àṣálẹ́ ni ó sì fẹ́ràn jù, ó sì máa ń fi ọ̀gànjọ́ òru rìn pẹ̀lú bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá pọ̀ ní agbègbè náà. Bí oòrùn bá ti mú, a dùbúlẹ̀ sínú pàǹtí igbó nítòsí omi, yóò sì dákẹ́ rọ́rọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìmọ̀ pé ẹ̀dá alààyè wà níbẹ̀. Bí ó bá fura, ìró kan a ti ẹnu rẹ̀ jáde tí ó jọ gbígbó ajá, gbogbo ẹran tí ó wà ní àyíká yóò sì gbọ́. Bí a bá ṣe akọ rẹ̀ léṣe tí kò kú, ẹ má ṣe rò pé sísá nìkan ni ó mọ̀. Ìwo tí ó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ó sì lè kọjú padà sí ẹni tí ń tọ ipa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹran tí ó gbọ́n tó báyìí, ta ni yóò kàn fi ẹsẹ̀ kọ lójijì? Ó ń ṣẹlẹ̀ o, kò sí ohun tí kì í ṣẹlẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò ronú ẹran rárá lè ṣẹ́jú kí ó rí àgbọ̀nrín ní ìdí ebè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé ọkàn lé irú èyí, àgbọ̀nrín èṣín ni yóò máa jẹ lọ́bẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ọ̀sán sì ni ọdẹ òru ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a kọ́kọ́ lọ sí igbó láìní ẹran lọ́kàn, ojú ni yóò gbé lọ, kì í ṣe ìbọn. Yóò wo etí odò àti ojú ọ̀nà oko lẹ́yìn òjò, nítorí ilẹ̀ tútù kì í purọ́. Bí etí ojú ẹsẹ̀ bá ṣì mú ṣámúṣámú, tí omi kò tí ì wó o, ẹran náà kò tí ì jìnnà. Bí ewé bá ti já lé e, tí eruku sì ti kún un, ọ̀rọ̀ àná tàbí ìjẹta ni. Yóò wo ìgbẹ́ ẹran, bóyá ó ṣì tutù tàbí ó ti gbẹ. Yóò wo ṣóńṣó ewé ẹ̀wà tí a ti já jẹ. Yóò wo òwú aláǹtakùn pẹ̀lú, nítorí bí aláǹtakùn bá ti ta òwú dí ọ̀nà ẹran, tí òwú náà kò sì já, a jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó gba ibẹ̀ lóru mọ́jú. Nǹkan kékeré ni gbogbo ìwọ̀nyí lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Lójú ọdẹ, ìwé ni wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni yóò wá igi tí èso rẹ̀ ń já. Ní àsìkò òjò, bí ìyeyè bá pọ́n tí ó ń rọ̀ sílẹ̀, ẹtu, èsúró àti àgbọ̀nrín a máa wá ṣa á jẹ ní ìdí igi, ọdẹ tí ó ti mọ gbogbo igi ìyeyè inú igbó rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kò ní máa rìn kiri bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Bákan náà ni òro, bákan náà ni ọ̀pọ̀tọ́. Igi kọ̀ọ̀kan ní oṣù tirẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ oṣù wọn yóò jókòó sí ìdí igi tí ó yàgàn ní àsìkò náà, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, yóò sọ pé orí òun kò gbè òun.

Nígbà tí ó bá ti mọ ibi tí ẹran ń gbà, ibẹ̀ ni yóò gun ẹ̀gùn sí. Ẹ̀gùn ni ibi ìjókòó tí ọdẹ máa ń ṣe sórí igi, tí ó fi ọ̀pá díẹ̀ àti okùn dì, tí yóò ti máa wo ilẹ̀. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ó tó lò ó ni ó ti yẹ kí ó ṣe é, kí òórùn ọwọ́ rẹ̀ àti ti igi tí ó gé lè ti lọ, kí ẹran sì lè ti rí i títí tí kò fi ní kà á sí ohun àjèjì mọ́. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gbà sí tún ṣe kókó ju gíga igi lọ. Ọdẹ a bu eérú díẹ̀ dání, a fọ́n ọn sókè, a wo ibi tí yóò gbé e lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí ọ̀nà ẹran, kí ó yáa sọ̀ kalẹ̀ kí ó máa lọ sílé, nítorí pé imú àgbọ̀nrín yóò ti sọ fún un kí ojú rẹ̀ tó rí ohunkóhun. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ọdẹ kì í fi ọṣẹ olóòórùn dídùn wẹ̀ kí wọ́n tó jáde, tí wọn kì í sì í mu sìgá tàbí tábà lórí ẹ̀gùn. Gbérí tí wọ́n ń wọ̀, tí àwọn ọmọdé rò pé ó dọ̀tí, igbó ni ó ń rùn, ohun tí wọ́n sì fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á tún wo ìbọn. Ṣakabùlà tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ kì í ṣe ìbọn tí ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láti ẹnu ni a ti ń kì í: a ó da ẹ̀tù sí i, a ó fi ihá dí i, a ó fi ọ̀pá gún un kí ó ki, a ó da ọta lé e, a ó tún fi ihá dí i kí ọta má bàa yí jáde. Bí ọdẹ bá yìn ín tí ó tàsé, kí ó tó tún un kì tán, àgbọ̀nrín ti rékọjá òkè kejì. Bí ẹ̀tù bá gba ọ̀rinrin, ìbọn yóò kàn ta pẹ́ẹ́, yóò sì dákẹ́. Bí a bá kì í jù, ó lè fọ́ mọ́ ẹni tí ó dì í mú lọ́wọ́. Nítorí náà ni ọdẹ gidi fi ń sá ẹ̀tù sí oòrùn, tí ó ń fi aṣọ nu inú ìbọn, tí ó sì ń mọ iye ìṣísẹ̀ tí ọta rẹ̀ lè dé kí agbára rẹ̀ tó dínkù. Ẹni tí ó ní ẹyọ ìbọn kan ṣoṣo láti yìn, ó di dandan kí ó kọ́ ìwà.

Àwọn ará wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, ibi tí wọ́n ti ń sin òrìṣà títí di òní, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ọdẹ ni wọ́n ń pè ní ọba Kétu, ìtàn kan sì wà tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Wọ́n ní ẹyẹ abàmì kan bà sórí ààfin nígbà ọdún, gbogbo àwọn ọdẹ ńlá ni a sì ránṣẹ́ pè: ọ̀kan gbé ogún ọfà wá, èkejì gbé ogójì, ẹ̀kẹta gbé àádọ́ta, gbogbo wọn ta ọfà wọn tán, wọn kò sì ba ẹyẹ náà. Ẹni tí ó wá dé kẹ́yìn, ọfà kan ṣoṣo ni ó ní. Bí ó ti ń fa ọrun ni ìyá rẹ̀ ń rú ẹbọ nílé, ẹyẹ náà sì ṣí àyà sílẹ̀, ọfà sì wọlé síbẹ̀. Àwọn tí ń sọ ìtàn yìí a máa tẹnu mọ́ ẹbọ, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọkùnrin náà pẹ̀lú: gbogbo ìgbà tí àwọn yòókù fi ń da ọfà sí òfuurufú, kò ta. Bí ó bá ti fi ìtara ta ọfà tirẹ̀ nígbà tí àyà ẹyẹ ṣì wà ní pípadé, kí ni ẹbọ ìyá rẹ̀ ìbá rí gbè?

Ibi tí mo gbà pé àkọsẹ̀bá ti ní ipa tirẹ̀ nìyí. Ọdẹ lè mọ ọ̀nà, kí ó mọ èso, kí ó mọ afẹ́fẹ́, kí ẹran sì gba ibòmíràn ní alẹ́ ọjọ́ náà nítorí pé ajá olóko kan gbó. Òjò lè dé. Ọ̀bọ lè ké. Kìnnìún pàápàá, tí Ọlọ́run dá pẹ̀lú èékánná àti eyín, kì í fi gbogbo ọjọ́ jẹun: George Schaller, tí ó fi ọdún mẹ́ta wo àwọn kìnnìún ní Serengeti ní ilẹ̀ Tansaníà, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1972, rí i pé kìnnìún tí ó bá dá nìkan dọdẹ kì í rí ẹran pa tó ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà márùn-ún. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọba ẹranko, kò yẹ kí ojú ti ọdẹ tí ó bá wọlé lọ́wọ́ òfo. Àwọn bàbá wa mọ èyí, òun ni wọ́n ṣe ń bọ Ògún, tí wọ́n ń bọ orí, tí wọn kì í sì í fẹ́ kí ìjà ṣẹlẹ̀ nílé ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń lọ. Ẹni tí kò gbàgbọ́ nínú Ògún mọ́ náà yóò rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀, nítorí ẹni tí inú rẹ̀ ń ru kò lè jókòó jẹ́ẹ́ lórí igi fún wákàtí mẹ́fà.

Nítorí pé iṣẹ́ ńlá ni jíjókòó náà. Ẹ̀fọn ń jẹ ọdẹ, kò gbọdọ̀ lù ú. Ikọ́ ń gbọ̀n ọ́n lọ́fun, kò gbọdọ̀ wú u. Ẹsẹ̀ ń kú, kò gbọdọ̀ na án. Ní ìgbà ọyẹ́, ewé gbígbẹ ń sọ̀rọ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo ohun tí ó bá ń rìn, òkété lásán lè mú kí ọkàn ọdẹ fò sókè. Òṣùpá pẹ̀lú ní òfin tirẹ̀: bí ó bá ti lé roro, ẹran kì í fẹ́ jáde sí gbangba, iná orí ọdẹ kò sì ní ríran jìnnà, òkùnkùn biribiri ni ọjà ọdẹ òru. Àwọn ọdẹ inú igbó Kóńgò àti Kamẹrúùnù ní ọgbọ́n kan, wọn a fi imú ké bí ọmọ ẹtu tí nǹkan ń ṣe, ìyá ẹtu a sì sáré tọ̀ wọ́n wá. Ní aginjù Kalahari, àwọn ọmọ San a máa sáré tẹ̀lé ẹran kan ṣoṣo láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, nínú ooru gbígbóná, títí tí àárẹ̀ yóò fi dá ẹran náà dúró. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n n kò tí ì gbọ́ ti ọ̀nà kan tí a lè gbà kánjú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ èyí, nítorí ibi tí wọ́n ti mọ ọdẹ ni inú ìwé Fágúnwà. Láti ọdún 1938 tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde, ọdẹ tí ń bá iwin jìjàkadì, tí ń fi oògùn pòórá, ni ó wà lọ́kàn gbogbo ọmọ ilé-ìwé. Ìwé ńlá ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé àwọn ọdẹ fúnra wọn ni ìjálá. Adébóyè Babalọlá kó ìjálá jọ, ó sì ṣe àlàyé wọn nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1966, ẹni tí ó bá kà á yóò rí i bí àwọn asunjálá ti ń ki ẹran àti igi lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń sọ ìwà wọn, ìrìn wọn, ohun tí wọ́n ń jẹ àti bí wọ́n ti ń kú. Ọmọ tí ó bá ń gbé àpò tẹ̀lé bàbá rẹ̀, tí ó ń gbọ́ oríkì àgbọ̀nrín ní ibi ayẹyẹ ọdẹ gbogbo, ti mọ ẹran náà kí ó tó fi ojú kàn án.

Mo ti sọ pé sùúrù tí ó ga jù ni èyí tí ń dá ìka dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ògún fúnra rẹ̀, olórí àwọn ọdẹ, ni ẹ̀kọ́ yìí kọ́kọ́ ṣubú lé lórí, nínú ilẹ̀ Èkìtì níbí ni ó sì ti ṣẹlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti sọ. Ó ti ojú ogun dé Ìrè pẹ̀lú òùngbẹ, ó bá àwọn ènìyàn níbi àjọ kan tí èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni kí ara wọn. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Ó wo àwọn kèrègbè ẹmu tí ó wà nílẹ̀, kò sí nǹkan nínú wọn. Kò bèèrè. Kò dúró. Ó fa idà yọ, ó sì bẹ́ wọn lórí. Nígbà tí ó wá mọ ohun tí ó mú kí wọ́n dákẹ́, ẹ̀pa kò bóró mọ́, ìbànújẹ́ sì mú kí ó wọ ilẹ̀ lọ. Títí di òní ni wọ́n ń ṣe ọdún Ògún Onírè ní Ìrè-Èkìtì. Kí a tó lè fi irú ìtàn báyìí sí ẹnu láti ìran dé ìran nípa òrìṣà tí a ń bọ, ó hàn pé àwọn tí ó ni ín mọ ibi tí ewu iṣẹ́ irin wà.

Ewu náà kò sì kúrò níbẹ̀. Lọ́dọọdún ni a ń gbọ́ pé ọdẹ kan yìnbọn sí ohun tí ó mì nínú igbó, tí ó sì jẹ́ àgbẹ̀ tí ń wá ìgbín, tàbí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú àgbọ̀nrín a máa dá iná padà lóru, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹtu. Ṣùgbọ́n ojú ewúrẹ́, ti ajá àti ti ológbò náà ń dán bẹ́ẹ̀, ti ènìyàn ni kì í dán. Ọdẹ tí ó bá ní sùúrù yóò wò ó bí ojú náà ti ga sí ilẹ̀, bí ó ti jìnnà sí èkejì rẹ̀, bí ó ti ń rìn àti bí ó ti ń ṣẹ́; kò sì ní fa ìbọn títí tí yóò fi rí ara tí ó ni ojú. Ẹni tí ó bá yìn ín sí ìró ewé kò dọdẹ, àkọsẹ̀bá ni ó ń ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú ẹ̀mí ẹlòmíràn.

Àwọn baba wa fi èyí sínú ìtàn ọdẹ tí ó jókòó lórí ẹ̀gùn, tí ó rí ẹfọ̀n kan tí ń bọ̀, tí ó na ìbọn sí i, ṣùgbọ́n tí kò yìn ín. Ẹfọ̀n náà bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀, ó di arẹwà obìnrin, ó fi awọ pamọ́, ó sì gba ọjà lọ. Ọdẹ yìí ni ó fi í ṣe aya, òun náà ni ó sì tú àṣírí rẹ̀ nígbà tí ẹmu wọ̀ ọ́ lára, tí ilé rẹ̀ fi dàrú. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn náà, àṣírí tí ó tú ni gbogbo ènìyàn ń dá lẹ́bi. Èmi a máa ronú nípa ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn, nítorí pé bí ó bá ti yára yìnbọn, ẹran lásán ni ìbá gbé lọ sílé, kò sì ní mọ ohun tí ó pa láé.

Nísinsìnyí, ohun gbogbo ń ti ọdẹ sí ìkánjú. Láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni Adó ti ń fẹ̀, ilé sì ti ń gun orí ilẹ̀ tí àgbọ̀nrín ti ń jẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kadà ń gbé ọdẹ dé inú igbó tí bàbá rẹ̀ ń fi ọjọ́ méjì rìn dé, tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì mọ́lẹ̀ ju àtùpà káábáìdì àtijọ́ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, ìbọn olójú méjì sì ti sọ ẹlòmíràn di ẹni tí kò bìkítà bí ti àkọ́kọ́ bá tàsé. Ní ìgbà ẹ̀rùn, àwọn kan a máa ti iná bọ igbó kí ẹran lè sá jáde. Iná náà a jó ọmọ ẹran tí kò lè sá, a jó ẹyin ẹyẹ, a sì jó oko kòkó aládùúgbò. Wọ́n ń pe ìyẹn ní ọdẹ. Mo kọ̀ láti pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù tuntun tún ti wọ igbó: ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní ilẹ̀ Èkìtì níbí, ọ̀pọ̀ ọdẹ kò sì fẹ́ dá nìkan sùn sí igbó mọ́. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti ń bá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ṣọ́ ìlú láti ọdún 2020, ojú tí wọ́n fi ń tọ ipa ẹran ni wọ́n sì fi ń tọ ipa ajínigbé.

Erin àti ẹfọ̀n ti di ìtàn ní agbègbè Ìyìn. Àgbọ̀nrín kò tí ì rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣì wà káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, kò sì sí lára àwọn tí à ń bẹ̀rù pé ìran wọn fẹ́ parun. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1985 tí ó dáàbò bo irú àwọn bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n n kò rò pé òfin tí a kọ sí ìwé ni yóò pa ẹran mọ́ sí oko Ìyìn. Ìṣirò tí ọdẹ fúnra rẹ̀ mọ̀ ni: abo àgbọ̀nrín a máa lóyún fún bí oṣù mẹ́fà, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì ń bí. Bí ó bá bí i tán, a fi í pamọ́ sínú igbó, a máa lọ jẹ̀, a sì máa padà wá fún un lọ́mú. Ẹni tí ó bá pa ìyá ní àsìkò náà, ẹran méjì ni ó pa, ọ̀kan ni ó sì gbé wálé.

Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀ràn náà kò rọrùn fún ẹni tí ó jókòó láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí, tí owó ilé-ìwé ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀, tí abo tí ikùn rẹ̀ yọ wá dúró síwájú ìbọn rẹ̀. Nítorí náà ni kò fi yẹ kí á dá ìpinnu náà dá ẹnì kan ṣoṣo lórí igi nínú òkùnkùn. Ẹgbẹ́ ọdẹ ní Olúọdẹ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń bá ẹni tí ó jalè ẹran nínú tàkúté ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wí, wọ́n sì ń gba owó ìtanràn. Bí Olúọdẹ Ìyìn bá bá ti Ìgèdè, ti Adó àti ti Àràmọ́kọ jókòó, tí wọ́n fi ẹnu kò sí i pé a kò gbọdọ̀ gbé abo àgbọ̀nrín tí ó lóyún tàbí tí wàrà wà ní ọmú rẹ̀ wọ̀lú, ọmọ ọdẹ tí ó bá sọ ìbọn rẹ̀ kalẹ̀ lóru yóò rí ohun sọ fún ìyàwó rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn tí ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá títì pẹ̀lú yóò sì mọ irú èyí tí wọn kò gbọdọ̀ rà.